Aṣọ Tí Mo Ń Wọ̀ Fún Kápúsù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òkè òkun ń ta sánsán, ẹ bá mi bi í pé níbo ló fi imú rẹ̀ sí nígbà tó débẹ̀. Èmi mọ òórùn tí òkè òkun ń rùn. Ẹja ni. Mi ò sọ ẹja yíyan tó ń mú kí itọ́ dà lẹ́nu èèyàn o. Òróró ẹja ni mò ń wí, èyí tó ti jókòó sínú dúrọ́ọ̀mù láti ìgbà tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ó wà lára híjáàbù mi, ó wà lábẹ́ èékánná mi, ó tún wà nínú irun orí mi tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì P12 láti Surrey Quays bọ̀ ní Peckham, bó ti wù kí bọ́ọ̀sì náà kún tó, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo. Ìyá arúgbó òyìnbó kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó fa imú, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ló bá dìde, ó lọ rọ̀ mọ́ irin tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Nílé, ní Ìwó, tíṣà ni mí. Lọ́fínńdà mi ló máa ń ṣáájú mi wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á ti mọ̀ pé mò ń bọ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹja ni yóò di lọ́fínńdà mi, ǹ bá bú u débi tí yóò fi gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé iṣẹ́ wo ni. Kápúsù ni à ń wọṣọ fún. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní apá Surrey Quays, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ni. Kápúsù á dé nínú àpótí, òróró ẹja á ti wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tiwa ni ká da aṣọ míì bo èèpo rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé omi kíkan kan wà nínú àpòlúkù èèyàn, ó le bí omi bátìrì, kò sí ohun tó bọ́ síbẹ̀ tí kò ní yọ́. Tí òróró ẹja bá tú síbẹ̀, ẹni tó gbé e mì á máa gùfẹ̀ ẹja títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn tó ń gbé ní East Dulwich, tí wọ́n ń ra ìgò rẹ̀ nítorí kí ọpọlọ wọn lè jí pépé, wọn ò fẹ́ gùfẹ̀ ẹja lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Aṣọ tí a bá wọ̀ fún un gbọ́dọ̀ la omi kíkan náà kọjá láìjẹ́ kó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú, kó tó wá yọ́ nísàlẹ̀, nínú ìfun. Àwọn oògùn gidi náà wà tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tú sínú àpòlúkù, omi yẹn á pa agbára wọn kí wọ́n tó ríṣẹ́ ṣe.

Ìkòkò irin ńlá kan là ń dà wọ́n sí, ó ń yí gbirigbiri bí ẹ̀rọ tí àwọn bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa fẹ́ sí i, èmi á máa fi ìbọn kékeré kan fọ́n omi aṣọ náà lé wọn lórí. Omi náà ń rùn bí ọtí kíkan tí wọ́n pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹ wá da òórùn ẹja lé èyí. Tí mo bá fọ́n ọn jù, gbogbo wọn á lẹ̀ mọ́ra wọn, tí n kò bá fọ́n ọn tó, á máa bó. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán, nítorí pé ibẹ̀ ló rùn kéré jù nínú ilé náà.

Bárì ni ọ̀gá wa, òyìnbó ni, èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Á fun ikun sínú áńkáṣíìfù, á ṣẹ́ ẹ po, á tún fi í sápò fún ìgbà míì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán kápúsù wò wà nílẹ̀: wọ́n á ri kápúsù bọ inú omi kíkan tó dà bíi ti àpòlúkù, wọ́n á máa gbé e sókè sódò, bóyá á yọ́, bóyá kò ní yọ́. Bárì ní ẹ̀rọ ò lọ́fun. Nítorí náà, tí a bá ti ṣe ìkòkò òróró ẹja kan tán, tí tíì òwúrọ̀ bá dé, á pín kápúsù kọ̀ọ̀kan fún wa, òun náà á gbé tirẹ̀ mì, á wá máa wò wá kiri.

"Ta ló gùfẹ̀?"

Ẹni tó bá gùfẹ̀, á ní kó la ẹnu kí òun gbóòórùn rẹ̀. Mo fi ojú mi rí i! Ọkùnrin tó tó bàbá èèyàn, á ki imú bọ ẹnu ọmọ ọlọ́mọ, á dijú, á mí kanlẹ̀, á wá sọ pé, "Ó ti jò." Èébì ń gbé mi ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe é.

Nígbà tó kan èmi, mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni lóòótọ́, ààwẹ̀ sì ni mò ń gbà. Lọ́la rẹ̀ ó tún gbé e dé.

"Ààwẹ̀ náà ṣì ni?"

"Òun náà ni."

Bí mo ṣe wọ gàù nìyẹn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò lè máa jẹ búrẹ́dì lójú Bárì, mo wá di walí Ọlọ́run lójijì, ebi ń pa mí bí ẹni máa kú, inú mi ń kùn láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó sàn fún mi ju kí n gbé nǹkan yẹn mì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè títí tó fi máa yọ̀ bí omi pọ̀nmọ́ tó tutù, òun ni wọ́n fi ń ṣe èèpo kápúsù. Ẹran wo? N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ronú pé bí n kò bá ti bi wọ́n, wọn ò ní dá mi lóhùn, bí wọn ò bá sì ti dá mi lóhùn, mo lè máa wọ ìbọ̀wọ́ mi, kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ.

Ilé Àǹtí Rísí ni mò ń gbé, nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí ibi tí North Peckham Estate àtijọ́ wà. Ará Ìwó ni àwọn náà, ọmọ wọn ti bímọ síbí. Tí wọ́n bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á ti figbe ta láti kíṣìnnì.

"Bọ́ ọ síbẹ̀ o! Dúró síbẹ̀, bọ́ ọ! Ilé mi kì í ṣe etí òkun!"

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ti ń fi búbù ilé pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́, n ó sì ki aṣọ iṣẹ́ náà bọ inú ọ̀rá. Àǹtí Rísí á jókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lánàá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Nígbà ayé estate, ìtọ̀ la fi ń wẹsẹ̀ nínú lífìtì. Mo sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà."

Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe òórùn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí ẹni tí mo lè fi ṣe atọ́nà. Mo rí obìnrin kan ní ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, ajá rẹ̀ lá a lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. Mo yíjú kiri bóyá n ó rí ẹnì kan tí ojú òun náà fún pọ̀, ká jọ ṣe "ṣìọ̀" pọ̀. Kò sí. Àwọn dúdú ibẹ̀ gan-an, fóònù ni wọ́n ń wò. Nílé, tí nǹkan bá rí ọ lára, gbogbo àdúgbò ló máa bá ọ tutọ́. Níbí, ìwọ nìkan lo máa gbé itọ́ rẹ mì. Ní mọ́sáláṣí ńkọ́? Ààfáà á ní ká fún ara wa pọ̀ lórí ìlà, ká má fi àyè sílẹ̀ fún Ṣàítánì. Àyè tó wà láàárín èmi àti ìyá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Ṣàítánì méjì lè kírun níbẹ̀ tòun ti ìyàwó wọn. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn, ìyá ń sún lọ. Mo sunkún nígbà tí a forí kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò ní sọ pé kò sí ọjọ́ kan tó dára. Ọjọ́ kan wà tí Bárì fa ìbọn lé mi lọ́wọ́, tó ní kí n ṣe ìkòkò odidi kan fúnra mi. Mo ṣe é. Ọ̀kan ò lẹ̀, ọ̀kan ò bó. Nígbà tí tíì dé, gbogbo wọn gbé e mì, wọ́n ń wo ara wọn lójú, kò sẹ́ni tó gùfẹ̀. Bárì gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ tó fi nu imú. Inú mi dùn, inú tún bí mi, mo sì lọ fọ ẹ̀yìn ẹ̀wù mi.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Mùfú àbúrò mi ló máa ń di fóònù mú fún Màmá. Ní nǹkan bí àsìkò ọyẹ́, mo rí i pé eegun ọrùn Màmá ti ń yọ.

"Màmá, ẹ ti gbẹ."

"Inú ló ń ta mí. Ó ń jó mi bí ẹni pé mo gbé ẹyin iná mì."

Mùfú wá ba sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ wà nínú àpòlúkù wọn, dókítà ti fún wọn ní kápúsù tó yẹ kó wò ó sàn, wọ́n ń lò ó láì pa ọjọ́ kan jẹ, kò sì sí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ti bì, ó dúdú, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dókítà ní tí kò bá jiná, ó lè lu, àwọn á sì la inú wọn. "Àǹtí, mi ò rò pé Màmá á lè la iṣẹ́ abẹ já," ni Mùfú wí.

Mo bi í bóyá kápúsù náà jẹ́ èyí tí wọ́n wọṣọ fún. Ó gbé páálí rẹ̀ wá síwájú fóònù, mo rí i kà: ẹ gbé e mì lódidi, ẹ má fọ́ ọ. Irú iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ní, "Màmá, ẹ lò ó kí n rí i."

Ẹ gbà mí o! Màmá mú kápúsù, wọ́n mú abẹ, wọ́n gé e sí méjì. Wọ́n gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n fi ṣíbí rò ó, wọ́n sì ju èèpo rẹ̀ látojú fèrèsé.

"Màmá! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe? Ẹlẹ́dẹ̀ ni èèpo ẹ̀. Oníwàásí ló sọ fún wa. Gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa ló ń tú u báyìí, Ìyá Súlè ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gé e tí kò fi ní dànù." Wọ́n mu ẹ̀kọ wọn. "Adìẹ gan-an kì í ṣa èèpo yẹn jẹ."

Mo kígbe débi tí Àǹtí Rísí fi sáré wọlé. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé. Mo ní oògùn náà ń kú sínú omi kíkan ikùn wọn kó tó dé ibi tó ń lọ, pé ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ti ń mu láti ọjọ́ yìí, pé èèpo tí wọ́n ń jù sí adìẹ yẹn ni ìdajì oògùn. Mo ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, òun ló ń mú mi rùn ní ìlú oní-ìlú!

Màmá tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Wọ́n wá wojú mi.

"Ìwọ tó ò ń ṣe é, o ti gbé e mì rí?"

Mo yíjú kúrò lójú fóònù. Ìyá tó bí èèyàn kò nílò ìdáhùn kejì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Kí wá lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ní ọjọ́ Ajé, mo bi Bárì pé ẹran wo ni wọ́n fi ń ṣe èèpo náà. Mo ti ń sá fún ìbéèrè náà tipẹ́, ṣùgbọ́n eegun ọrùn Màmá kò jẹ́ kí n sá mọ́. Ó ń jẹ ẹyin, ó gbé èjìká sókè. Ó ní èyí tó bá dé là ń lò, ìgbà míì màlúù, ìgbà míì ẹlẹ́dẹ̀, pé tó bá ti jiná tán, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ti oògùn tí wọ́n fún Màmá, ó ní ta ló máa mọ̀, ilé iṣẹ́ ibòmíì ni. Mo lọ sílé ìyàgbẹ́, mo fọ ọwọ́ mi títí awọ rẹ̀ fi ń ta mí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ o, síbẹ̀ mi ò lè fi ọwọ́ yẹn jẹ ẹ̀bà ní ọjọ́ náà.

Mo tọ Ààfáà lọ ní mọ́sáláṣí. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní kò sí wàhálà: tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tí kò sí oògùn míì lárọ̀ọ́wọ́tó, Ọlọ́run ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn. Wọ́n tiẹ̀ gba fóònù mi, wọ́n bá Màmá sọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n ka áyà Kùránì fún wọn. Màmá ń ṣe "ẹ ṣé, Ààfáà, Ọlọ́run á san án fún yín." Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ mi, tí mo jáde sójú títì, Màmá ní, "Ààfáà Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ta la fẹ́ fi gbé e mì, tiwọn ni?"

Mùfú tún pè mí láàárín ọ̀sẹ̀. Màmá ti tún bì. Wọ́n ṣubú nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n ń gé kápúsù síbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a tún pín kápúsù lẹ́nu iṣẹ́, mo na ọwọ́. Bárì ní, "Ààwẹ̀ tán?" Mo fi bébà wé e, mo sì mú un relé.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo gbé fóònù ti kẹ́tùlù ní kíṣìnnì Àǹtí Rísí. Àǹtí Rísí dúró tì mí. Màmá jókòó sórí ẹní ní Ìwó, Mùfú wà lẹ́yìn wọn, kápúsù wọn wà nínú àwo, abẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé tèmi sókè kí wọ́n rí i.

"Màmá, oògùn ò sí nínú tèmi yìí, òróró ẹja ni. Ṣùgbọ́n irú èèpo kan náà ni, irú aṣọ kan náà ni. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un."

"Kí ni wọ́n fi ṣe èèpo ẹ̀?"

Àǹtí Rísí gún mi ní ìgbúnwọ́. "Sọ pé màlúù ni," ni wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Sọ pé màlúù ni, kí ló dé? Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ kú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Màlúù. Kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n Màmá tẹjú mọ́ mi, tí wọ́n bá sì mú mi ní irọ́ kan, wọn ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ láyé.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Mo bi wọ́n, àwọn náà ò mọ̀. Ó lè jẹ́ màlúù. Ó lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀."

Àǹtí Rísí figbe ta: "Yéè!"

Mo fẹ́ ṣe bísímílà, ẹnu mi ò gbà. Mo sọ ọ́ sẹ́nu. Ó ń yọ̀ lórí ahọ́n mi bí ohun tó ní ẹ̀mí. Mo gbé omi lé e, ó lọ, ó tún padà, ó dúró sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Gbogbo ara mi ló kọ̀ ọ́. Ojú mi kún fún omi, imú mi ń ṣàn, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Àǹtí Rísí kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo tún mu omi, mo fún ojú pọ̀, mo gbé e mì tipátipá. Ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo la ẹnu sí fóònù kí Màmá rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Màmá sún mọ́ fóònù, wọ́n wo ojú mi dáadáa.

"Mùfú," ni wọ́n wí, "bu omi wá."

Wọ́n ti abẹ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n mú kápúsù lódidi, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu, wọ́n mu omi. Mo rí i bí ọ̀fun wọn ṣe gòkè tó tún wá sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, Mùfú di èjìká wọn mú, wọ́n fi ìborùn dí ẹnu. Wọn ò bì í. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, omi ń dà lójú wọn bíi tèmi.

"Ó rí mi lára o, ọmọ mi."

"Ó rí èmi náà lára, Màmá."

"Mo rí i lójú ẹ." Wọ́n nu ẹnu wọn. "Ká ní o rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá ti tu tèmi dànù."